Orí Tí Mo Fá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Èkó, kò sí ọjọ́ ìsinmi kan tí ìyá kan kì í dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ènìyàn lè kó ọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú, kí ó sì kó wọn padà bọ̀ ní iye tí wọ́n jẹ́?" Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Mo máa ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," n ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo kò lè tó fún ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti ń di ẹrù. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ohun tí ojú mi rí ní oṣù mẹ́rìnlá tí èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa fi gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀, pàápàá níbi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tèmi.

Sàró ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé títí mo fi di ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Bàbá ọkọ mi ni ọmọ Ìjẹ̀bú. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á sórí òkun, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì di ará Sàró. Kí ó tó kú, ó sọ fún ọkọ mi, Odùkọ̀yà, pé kí ó wá ilé òun rí. Nígbà tí a dé Èkó tí ọkọ mi gbọ́ pé àbúrò bàbá òun obìnrin kan ṣì wà láàyè ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ gbé ibẹ̀, kí ó máa ra aṣọ àti epo, kí ó máa kó wọn lọ sí ọjà Ejinrin ní etí ọ̀sà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àbẹ̀kẹ́ nígbà náà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Òun nìkan ló kù.

*Ọmọ ta ni yín?*

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó rí ti mọ bí ọ̀sà ṣe rí, n kò ní dúró lórí ìyẹn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ fún mi ní Ìbẹ́fún, níbi tí a ti yà lójúde obìnrin kan láti tọrọ omi. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé e dání, kò sì nà án sí wa.

"Ọmọ ta ni yín?" ni ó bèèrè.

Ọkọ mi dárúkọ ara rẹ̀. Obìnrin náà mi orí.

"N kò bèèrè orúkọ rẹ. Mo ní, ọmọ ta ni yín?"

Ọkọ mi wá dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ ní Sàró. Kíá, igbá omi ti dé ọwọ́ wa, ẹ̀pà sísè sì tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi lọ́jọ́ náà pé ní ilẹ̀ yìí, wọn kì í fún ẹni tí kò ní bàbá lómi. Ohun tí mo kọ yẹn le jù. Wọn a máa fún un. Ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ wò ó pẹ́.

Ní Òdogbolú, àwọn ènìyàn dìde lórí iṣẹ́ wọn láti wo aṣọ Sàró tí mo wọ̀. Bàbá arúgbó kan fa ọkọ mi sẹ́yìn, ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ara ìyàwó rẹ̀ kò yá ni, tí wọ́n fi dì í láti ọrùn títí dé kókósẹ̀.

Ní bodè Ìjẹ̀bú-Òde, oníbodè wo ẹsẹ̀ wa kí ó tó wo ojú wa.

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ yín?"

"Bàtà ni, bàbá."

"Ṣé egbò wà lẹ́sẹ̀ yín ni?"

"Rárá, bàbá."

"Ẹ bọ́ ọ, nígbà náà. Agbòòrùn yẹn ńkọ́? Ṣé òjò ń rọ̀ ni?"

"Oòrùn ni, bàbá."

"Oòrùn yẹn náà ló ń pa èmi. Ẹnì kan ṣoṣo ni agbòòrùn ń ṣí lé lórí ní ìlú yìí. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìwọ."

Bí mo ṣe wọ ìlú baba ọkọ mi nìyẹn, bàtà lọ́wọ́, agbòòrùn lábẹ́ abíyá. Wọn kò jẹ́ kí a kọjá ibẹ̀ títí ẹni tí yóò jẹ́ onílé wa fi dé, nítorí pé àlejò tí kò ní onílé kò ní ẹnu ní Ìjẹ̀bú. Bí ó bá ṣẹ̀, onílé rẹ̀ ni wọn yóò pè. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, onílé rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀.

Àbúrò bàbá ọkọ mi ni ó wá. Ìyá Olófì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, nítorí aṣọ híhun ni iṣẹ́ wọn, kò sì sí ìgbà tí òwú kì í lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba ojú ọkọ mi mú, wọ́n tẹ imú rẹ̀.

"Imú ẹ̀gbọ́n mi rèé," ni wọ́n wí, omi sì lé ròrò sójú wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bojú wo ọmọ mi. "Èyí ńkọ́? Ojú rẹ̀ dán bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Wọn ò bù ú nílà?"

"Rárá, mà," ni mo fi ohùn Sàró dáhùn.

Wọ́n wò mí. "Obìnrin yìí ń ké bí ewúrẹ́," ni wọ́n wí fún ọkọ mi. Gbogbo bodè rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín.

*Ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀kọ ọmọ ọwọ́*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé ìlú yẹn kí etí mi tó là. Ilé lẹ́nu wọn a máa di ulé, iná a di uná, wọn a sì máa sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbọ́. Àwọn ọmọ ìtún wa, ìyẹn àdúgbò, a máa wá tò sẹ́nu ọ̀nà láti wò mí bí mo bá ń kọ̀wé. Bí mo bá gbójú sókè, wọn a kúnlẹ̀, wọn a sì máa wò mí síbẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í yára fẹ́ràn ènìyàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ. Obìnrin tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, Ìyá Ẹlẹ́kọ, ta ẹ̀kọ fún mi fún oṣù méjì gbáko láìbi mí ní ohun kan ju iye tí mo fẹ́ lọ. Ní oṣù kẹta ó dédé gbé igbá ẹ̀bìrìpò wọlé tọ̀ mí, kókò tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ewé dì sè, ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní, "Mo ti wò ọ́ tó. O kì í ṣe ènìyàn burúkú. Jẹun." Láti ọjọ́ náà ni kò ti dákẹ́ mọ́.

Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí ó dójú tì mí. Ewùrà ni wọ́n ń rin, wọn a sì sè é pẹ̀lú epo, ata àti ẹja. Nígbà tí ó kan èmi láti sè é, mo rò ó, mo tún un rò, títí ó fi jọ̀lọ̀, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìyá Olófì tọ́ ọ wò, wọ́n gbé àwo kalẹ̀.

"Odùkọ̀yà," ni wọ́n pe ọkọ mi, "ta ló bímọ nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ, ìyá."

"Ta wá ni ìyàwó rẹ se ẹ̀kọ ọmọ ọwọ́ fún?"

Kókó ni ìkọ́kọrẹ́ ń ní. Ẹ má ro ó jọ̀lọ̀.

*Ojú tí kò ní ilà*

Ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti olè tí a ń sọ ní Èkó. Ní oṣù mẹ́rìnlá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹrù mi. Ẹ̀rù àwọn ajọ́mọgbé ni. Ogun ń jà lókè, àwọn oníṣòwò ẹrú sì ń gba ìlú kọjá lọ sí etí ọ̀sà. Ọmọ tí ó bá bọ́ sí ọwọ́ wọn láàárọ̀ lè wà lórí omi kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan kì í fi dá lọ sí ojú ọ̀nà oko. Èmi tilẹ̀ fi Àbẹ̀kẹ́ pamọ́ sínú ilé, kì í sábà jáde àfi pẹ̀lú mi. Lọ́jọ́ Agẹmọ, tí kò yẹ kí obìnrin jáde, wọn a ka àwọn ọmọbìnrin sínú ilé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ilà kò tán lẹ́nu Ìyá Olófì. "Jẹ́ kí n pe olóòlà," ni wọ́n máa ń sọ. "Mẹ́ta péré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Bí ọmọ yìí bá sọnù, báwo la ṣe máa sọ pé tiwa ni?"

Lọ́jọ́ kan ni mo kúnlẹ̀ tí mo dá wọn lóhùn. "Ìyá, ìyá tó bí mi ní ilà. Ó pé, ó sì dára. Kò dá àwọn tó jí i gbé dúró."

Wọ́n fi ọwọ́ ti òwú sílẹ̀. 

"Òótọ́ lo sọ," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ilà. Ó dáa, a ò ní bù ú. Ẹ jẹ́ kí irun rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Láti ìgbà náà, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń di irun Àbẹ̀kẹ́ fúnra wọn, ní ṣùkú kan tí wọ́n ń fi òwú dúdú so nídìí. Mo rò pé ìfẹ́ ìyá àgbà sí ọmọ ọmọ ni. N kò bèèrè. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

*Ọjọ́ tí mo mú abẹ*

Ní oṣù karùn-ún, làpálàpá mú Àbẹ̀kẹ́ lórí. Mo rí ojú kan, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó di mẹ́rin. Ọkọ mi wà ní Ejinrin. Ìyá Olófì ti lọ sí Òdogbolú, níbi tí ọmọ wọn obìnrin ti bímọ. Ní Sàró, bí làpálàpá bá mú ọmọ, a kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ó fá orí rẹ̀, a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó fi oògùn pa á. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún ogún ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé-ẹ̀kọ́.

Mo tú ṣùkú náà. Mo fi àlùmọ́gàjí gé irun náà, mo sì mú abẹ tí ọkọ mi fi ń fá irùngbọ̀n. N kò fá orí rí. Àbẹ̀kẹ́ ń sunkún, ó ń mi orí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn kí ó má baà rí abẹ. Mo gé e lọ́gbẹ́ níbi mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn etí òsì, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú irun díẹ̀. Mo fi ọṣẹ dúdú àti àdí pa á. Orí ọmọ náà mọ́, mo sì dúpẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀ mí títí mo fi jẹ́ kí ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìtún wa lọ sí odò láàárọ̀. Àwọn ọmọ yòókù padà. Wọ́n ní ó sọ pé òun ń bọ̀. Mo ṣì ń wo ojú ọ̀nà nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́kọ sáré wọlé, igbá rẹ̀ dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Sàró! Wọ́n dá ẹrú kékeré kan dúró ní bodè ọ̀nà Ejinrin. Wọ́n fá a lórí, kò ní ilà, wọ́n ní èdè tó ń sọ kò jọ tibí. Ọmọ rẹ dà?"

Bí mo ti jáde ni mo pàdé Ìyá Olófì tí wọ́n ń ti Òdogbolú bọ̀, ẹrù ṣì wà lórí wọn. Mo sọ ohun tí mo gbọ́. Mo sọ ohun tí mo ṣe.

"O fá a?" ni wọ́n bèèrè. "Irun tí mo dì?"

"Mo fá a, ìyá. Làpálàpá ni."

"Ta ni wọ́n ń fá lórí ní ilẹ̀ yìí nínú àwọn ọmọbìnrin? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, àti ẹrú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà! Obìnrin yòówù tó bá rí ṣùkú yẹn yóò mọ̀ pé ọwọ́ Olófì ló dì í. Ilé wa ni mo kọ sí i lórí. Ìwọ lo pa á rẹ́."

Wọ́n ju ẹrù wọn sílẹ̀ fúnra wọn, láìdúró de ẹni tí yóò sọ̀ ọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

*Ní bodè ọ̀nà Ejinrin*

Bodè yìí kì í ṣe èyí tí a gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò mọ̀ mí. Àbẹ̀kẹ́ jókòó ní ẹsẹ̀ ògiri, okùn wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin oníṣòwò ẹrú kan tó dé fìlà pupa dúró tì í, àwọn aláàárù rẹ̀ mẹ́wàá sì ti ń gbé ẹrù rù. Ó ń bá oníbodè sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti dá dúró jù.

"Ìyá!" ni ọmọ mi ké.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni onífìlà pupa wí. "Gbogbo ọmọ tí a bá rà ló ń pe obìnrin tó bá kọ́kọ́ rí ní ìyá. Òkè ni mo ti rà á. Èmi fúnra mi ni mo fá orí rẹ̀, ó di ọjọ́ mẹ́jọ òní. Àná ló sá fún mi nínú àgọ́."

Ìyá Olófì bọ́ síwájú. "Oníbodè, ta ló hun aṣọ tó wà lára rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

"Ǹjẹ́ mo purọ́ fún ọ rí? Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni onílé wọn. Bí ọmọ yìí bá jẹ́ ẹrú ọkùnrin yìí, tú okùn náà, kí o so ó mọ́ mi lọ́wọ́."

Ìyá àgbà náà ti na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú. Mo mọ̀ pé wọn kò ṣeré.

Oníbodè kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìnira. Onífìlà pupa náà ní onílé tirẹ̀ ní ìlú, ilé ńlá sì ni. "Ìyá," ni ó wí, "ẹbí yín ni ẹ ń jẹ́rìí fún. Ọkùnrin yìí náà ní ẹni tí yóò jẹ́rìí fún un. Ọ̀rọ̀ yín di méjì tó wúwo bákan náà. Bí ó bá sì dé ààfin, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Wọ́n ní kò yẹ kí n dá oníṣòwò dúró kọjá ọ̀sán."

Onífìlà pupa na ọwọ́ sí okùn.

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn mẹ́ta, mo kúnlẹ̀ láàárín wọn tí wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo gbé ohùn mi sókè.

"Bàbá oníbodè, ó ní òun ló fá orí yìí. Irọ́ ni. Èmi ni mo fá a, àṣìṣe ni mo sì ṣe. Ẹ má bi wá ta ló ni ọmọ. Ẹ bi wá nípa orí. Ẹ bi òun nìkan, kí ẹ sì bi èmi nìkan. Ẹni tó bá fá orí kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n."

Ìyá Ẹlẹ́kọ, tí ó ti tẹ̀ lé wa, pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ dé! Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀ yẹn, kí ló ń jókòó ṣe?"

*Ìdájọ́ onígbàjámọ̀*

Lóòótọ́, lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bodè ni onígbàjámọ̀ kan ń jókòó láti fá orí àwọn èrò. Mùsùlùmí arúgbó kan ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n rí. Oníbodè pè é. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ògiri pẹ̀lú ìyàwó oníbodè, kí n má baà gbọ́ ohun tí onífìlà pupa yóò sọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà.

"Kí lo fi fá a?" ni onígbàjámọ̀ bèèrè.

"Abẹ. Kí ni wọ́n tún ń fi fá orí?"

"Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Iwájú orí. Ibo ni ìwọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"O gé e lọ́gbẹ́?"

"Èmi? Ọwọ́ mi dá ṣáká."

"O fá a tán?"

"Mo fá a tán pátápátá."

Wọ́n wá mú mi jáde. Onígbàjámọ̀ bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo dáhùn bí mo ti ń dáhùn níwájú olùkọ́ mi nígbà èwe, láìyára.

"Àlùmọ́gàjí ni mo kọ́kọ́ fi gé e, bàbá, kí n tó mú abẹ ọkọ mi. Òwúrọ̀ ìjẹta ni. Ẹ̀yìn ọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fá a bọ̀ wá síwájú. Mo gé e níbi mẹ́ta: ọ̀kan lókè ọrùn, méjì ní àárín orí, lápá ọ̀tún. N kò fá a tán. Irun díẹ̀ kù lẹ́yìn etí òsì, bí ìbú ìka kan."

"Ta ló kọ́ ọ ní orí fífá?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bàbá."

"Mo ti rí i," ni ó wí. "Bí ewúrẹ́ bá jẹko, ó máa ń mọ́ ju báyìí lọ."

Ẹ̀rín sọ. Ojú tì mí, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ kí ó tún un sọ. Ó yí orí Àbẹ̀kẹ́ sí oòrùn, ó sì fi hàn wọ́n, ó ń tọ́ka pẹ̀lú ìka bí ẹni tí ń kàwé fún ọmọdé.

"Ọgbẹ́ kan. Ọgbẹ́ kejì. Ọgbẹ́ kẹta. Èépá ojú wọn ṣì tutù. Ẹ wo ẹ̀yìn etí òsì: àlùmọ́gàjí ló gé èyí, abẹ kò kàn án. Irun ọjọ́ mẹ́jọ, èékánná lè dì í mú. Èyí, kò sóhun tí èékánná mi rí dì mú níbẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti fá a wá. Ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò rí orí tí wọ́n bà jẹ́ tó báyìí. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà ló fá orí yìí."

Onífìlà pupa la ẹnu. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó ti tú gèlè, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọwọ́-dá-ṣáká, wá fá tèmi náà, kí n lè di ẹrú rẹ!"

Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Fá tèmi!" "Iwájú ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ o!" Kódà àwọn aláàárù rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹrù. Oníbodè ní kí wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó sì rán ẹni méjì mú un lọ sí ààfin. N kò tẹ̀ lé wọn lọ, nítorí náà n kò lè sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Mo mọ̀ pé n kò rí i mọ́.

Oníbodè fúnra rẹ̀ ló tú okùn náà. Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún. Ó ní, "Ìyá, Bàbá ni mo wá pàdé. Mo rò pé òní ló ń bọ̀." Nígbà náà ni èmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò sì lè dákẹ́ títí a fi délé. Ìyá Olófì mú mi lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n mú ọmọ lọ́wọ́ òsì.

*Lẹ́yìn rẹ̀*

Ọkọ mi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní kí a di ẹrù, pé Èkó yá. Èmi ni mo ní rárá. Mo sọ fún un pé ìyá àgbà kan na ọwọ́ wọn méjèèjì sí okùn nítorí ọmọ wa, n kò mọ ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ní Èkó. A gbé oṣù mẹ́sàn-án sí i, àwọn oṣù náà ni mo sì gbádùn jù.

Ẹ̀yin ìyá tó ń bi mí, ìdáhùn mi ṣì ni "bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n pamọ́ sínú ilé bí mo ti fi tèmi pamọ́, tí mo rò pé ilẹ̀kùn ni ààbò. Àjèjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tó bá jáde. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tí onílé yín ṣe fún ọmọ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀mí ọmọ náà ló so mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, Ìyá Olófì kò fọwọ́ kan òwú. Wọ́n mú Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú orí rẹ̀ tó pá, wọ́n sì mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé odò, láti odò títí dé bodè. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ níbi gbogbo: "Ẹ wo ojú yìí dáadáa. Tiwa ni." Àwọn obìnrin a jáde, wọn a fi ọwọ́ pa á lórí, wọn a bi í ní orúkọ. Ó ti di ọ̀sán kí wọ́n tó padà.

Síbẹ̀, n kò jẹ́ kí ó jáde fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá, Ìyá Olófì gbé ìkòkò kékeré lé e lórí lójú mi, wọ́n ní, "Lọ pọnmi." Mo dìde láti tẹ̀ lé e.

"Sàró, jókòó," ni wọ́n wí. "Gbọ́."

Mo jókòó. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Ìyá Ẹlẹ́kọ níwájú ilé: "Àbẹ̀kẹ́, o ò kí mi!" Mo gbọ́ ohùn obìnrin kejì, tó jìn díẹ̀: "Ọmọ Olófì, ibo là ń lọ?" Lẹ́yìn náà ni ìkẹta àti ìkẹrin, tí mo ń gbọ́ orúkọ ọmọ mi nìkan nínú ọ̀rọ̀ wọn, ilé dé ilé, títí ohùn náà fi wọ etí odò lọ tí n kò gbọ́ nǹkan mọ́. Mo di etí àpótí tí mo jókòó lé mú. Ìyá Olófì ń hun aṣọ wọn lọ, wọn kò gbójú sókè.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, orúkọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, ó ń súnmọ́ tòsí, ó ń súnmọ́ tòsí, pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo mọ ilé tí ó dé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé mo ń rí i. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí, omi kún un dé ẹnu.

"Ìyá," ni ó wí fún mi, "gbogbo wọn ní kí n sọ fún yín pé bí ẹ bá tún fẹ́ fá orí ẹnikẹ́ni, kí ẹ kọ́kọ́ pe àwọn."